Písà ilé pẹ̀lú àwọn ọmọ: bí àárín ẹ̀ ò ṣe ní rọ̀ bí ẹ̀kọ, tí etí ẹ̀ ò sì ní le bíi páálí

Ẹ ti gbìyànjú ẹ̀ rí, àbí? Ẹ po fúláwà, ẹ da ata lé e, ẹ wọ́n ṣíìsì sí i, àwọn ọmọ gbé àwo dúró, nígbà tó máa jáde, etí ẹ̀ le gbagidi, àárín ẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tí ò tíì dì, ọmọ gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan ó ní "Mọ́mì, ṣé a ò lè lọ ra ti ìta ni?" Ó máa ń dun èèyàn gan-an. Ó ṣe èmi náà títí, nílé wa níbí ní Sùúrùlérè, kí n tó wá rí i pé nǹkan kan náà ló ń bà á jẹ́ lójoojúmọ́, òun náà ló sì ń bà á jẹ́ fún ọ̀pọ̀ àwọn òbí tí mo bá sọ̀rọ̀: omi. Omi tó gbóná jù pa yíìsì, omi tó kéré jù mú kó le, omi inú ata rin ín, omi ara ṣíìsì tún rin ín, omi tó ń kán láti ara ọmọrí wá parí ẹ̀. Tí ẹ bá ti mọ gbogbo ibi tí omi ń gbà wọlé, iṣẹ́ tó kù ò pọ̀, ọmọ ọdún 5 á bá yín ṣe é.

Àlàyé yìí gùn díẹ̀ torí mo fẹ́ kó yọrí sí rere fún yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó tan iná.

Ohun tẹ́ ẹ máa kó jọ kí ọmọ kankan tó wọ kíṣìnì

Ẹ kó o jọ ṣáájú o. Ọmọ tó ti ki ọwọ́ bọ fúláwà ò ní dúró de ẹni tó ń wá iyọ̀ kiri.

Ti dóò (dóò ni mo máa pe fúláwà tá a ti pò). Eléyìí máa tó písà 4 tó ṣe wẹ́kú páànù ẹyin, tàbí kéékèèké 6 fáwọn ọmọ:
- Fúláwà gíráàmù 500. Tí ẹ ò bá ní òṣùwọ̀n, ẹ ra ti kílò 1 kẹ́ ẹ pín in sí méjì dọ́gba, ó ti parí. Èyí tẹ́ ẹ fi ń ṣe púfùpúfù náà ni.
- Yíìsì gbígbẹ, ṣíbí tíì 2 tó kún dáadáa, bíi gíráàmù 7.
- Ṣúgà ṣíbí tíì 2, iyọ̀ ṣíbí tíì 1 àtààbọ̀, òróró ṣíbí ìjẹun 2.
- Omi mìlílítà 300. Ẹ mú ike omi 50cl tẹ́ ẹ ti mu tán, ẹ bu omi sí i kó ju ìdajì lọ díẹ̀, ibẹ̀ yẹn ni.

Ti ata: tòmátò 6 tó pọ́n dáadáa, tàtàṣé 2, àlùbọ́sà 1, aáyù ẹyọ 2, òróró ṣíbí ìjẹun 3, iyọ̀, táímù, àti ewé efinrin mẹ́rin márùn-ún. Ẹ má fojú di efinrin yẹn o, ewé tí àwọn ará Ítálì máa ń fi sí písà, ẹbí kan náà lòun àti efinrin wa, òórùn tiwa kàn le jù lọ ni, torí ẹ̀ kó má pọ̀.

Ti orí ẹ̀: ṣíìsì tí wọ́n ń pè ní mozzarella gíráàmù 200 sí 250, àti ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn nínú sọ́séèjì, adìyẹ bíbọ̀ tẹ́ ẹ fà ya, súyà, sàdíìnì, àgbàdo inú agolo, ata gíríìnì, dòdò tẹ́ ẹ gé kéékèèké kẹ́ ẹ tó dín in. Dòdò lórí písà dùn, ẹ gbà mí gbọ́.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé wọn ò lè lo wàrà dípò ṣíìsì. Wàrà ò ní yọ́. Oje ewé bomubomu ni wọ́n fi ń mú un dì, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi lè dín in nínú òróró tí ò ní tú ká. Tẹ́ ẹ bá rún un sórí písà, ó máa dúró bó ṣe wà, ó dáa bí ẹran ṣùgbọ́n kò ní fà bí ṣíìsì. Tí mozzarella bá wọ́n jù, ẹ lo ìdajì ẹ̀ kẹ́ ẹ fi cheddar kún un, èyí náà ń yọ́ dáadáa. Ṣíìsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sáàárín búrẹ́dì náà lè dá a sí.

Nípa ibi tẹ́ ẹ ti máa rà á: tòmátò àti tàtàṣé, Mile 12 tàbí Oyingbo. Fúláwà àti yíìsì, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní Island lè yà sí Òkè Àrín kó tó máa bọ̀ nílé. Ṣíìsì ní tiẹ̀, súpámákẹ́ẹ̀tì tí fíríísà wọn ń ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru ni, kẹ́ ẹ sì tẹ ọ̀rá ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó: tí yìnyín bá ti dì mọ́ inú ẹ̀ gbuurugbu, ó ti yọ́ rí kí wọ́n tó tún un dì, omi ẹ̀ máa pọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e gba Third Mainland Bridge kọjá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ fi bébà ìròyìn wé e nípọn nípọn kó tó wọ báàgì, torí gósílóò ò mọ̀ pé ṣíìsì wà lọ́wọ́ yín.

Irinṣẹ́: bàsíà, gírétà tẹ́ ẹ fi ń rin ilá, ìgò tó mọ́ (òun lẹ máa fi tẹ́ dóò), páànù ẹyin tí ìdí ẹ̀ nípọn, ọmọrí tó bò ó, aṣọ tó mọ́ bíi mẹ́ta.

Ta ló ń ṣe kí ni

Ọmọ ọdún 3 sí 5 lè ya efinrin wẹ́wẹ́, kó fọ tòmátò, kó wọ́n ṣíìsì. Ọdún 6 sí 9, wọ́n lè wọn fúláwà, kí wọ́n pò ó, kí wọ́n fi ìgò tẹ́ ẹ. Ọdún 10 sókè lè rin ṣíìsì kó sì gé sọ́séèjì, tẹ́ ẹ bá dúró tì í. Iná kì í ṣe tiwọn. Ẹ̀yin lẹ ń tan gáàsì, ẹ̀yin lẹ ń gbé páànù, ẹ sì rí i pé ọwọ́ páànù kọjú sí ara ògiri, kì í ṣe síta níbi tí ọmọ lè fi orí gbá a.

Nǹkan mẹ́ta míì tí mi ò gbọ́dọ̀ má sọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tọ́ dóò wò, fúláwà tí ò tíì jinná lè ní kòkòrò àrùn nínú. Tẹ́ ẹ bá lo ata rodo, ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án, torí ọmọ máa fi ọwọ́ yẹn nu ojú, ó dájú. Tí ọmọ ọlọ́mọ bá sì wà níbẹ̀, ẹ bi ìyá ẹ̀ léèrè kẹ́ ẹ tó fi súyà sí i, ẹ̀pà wà nínú yáàjì, àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn kọ ẹ̀pà.

Wákàtí 2 àtààbọ̀ lẹ máa fi sílẹ̀. Ẹ fún wọn ní nǹkan panu kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ọsàn tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, torí tí ebi bá ń pa wọ́n, wọ́n á ti jẹ ṣíìsì tán kí dóò tó wú.

1. Ata ló ń ṣíwájú

Ata ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe torí ó gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kó tó kan dóò. Ẹ gé tòmátò sí méjì, kí àwọn ọmọ fún omi àti kóró inú ẹ̀ sínú abọ́ kan, wọ́n máa ń fẹ́ràn ibi yìí, ẹ tọ́jú omi yẹn kẹ́ ẹ fi se ọbẹ̀ lálẹ́. Ẹ wá rin tòmátò àti tàtàṣé lórí gírétà, tàbí kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ ní bùlẹ́ńdà láì fi omi sí i, kódà kó má ju ẹ̀kán kan lọ, ẹ má fi sí i. Tí bùlẹ́ńdà ò bá fẹ́ yí, ẹ fi òróró ṣíbí 1 tì í.

Ẹ dà á sínú páànù tó fẹ̀, ẹ má bò ó, kó máa hó títí omi ẹ̀ á fi gbẹ, bí ìṣẹ́jú 20. Ìgbà tó bá gbẹ tán lẹ tó máa da òróró, àlùbọ́sà tẹ́ ẹ gé wẹ́wẹ́ àti aáyù sí i, ẹ máa dín in fún bí ìṣẹ́jú 10, iyọ̀, táímù, tó bá sì ń kan díẹ̀ ẹ fi ṣúgà tíntín sí i. Efinrin ló ń gbẹ̀yìn, tẹ́ ẹ bá ti pa iná.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: ọbẹ̀ ata àná tó wà nínú fíríìjì. Mo mọ̀ pé ó máa ń wuni láti lò ó, ó ti wà níbẹ̀, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tó dáa fún ìrẹsì ní omi àti òróró tó pọ̀ jù fún písà, á wọ inú dóò lọ ni. Tó bá jẹ́ dandan, ẹ gbé e padà sórí iná kó gbẹ gidi, kẹ́ ẹ yọ òróró orí ẹ̀ kúrò. Tòmátò inú ọ̀rá ti gíráàmù 70 náà ṣeé lò tí àyè ò bá sí, ẹ fi òróró àti àlùbọ́sà dín in títí ìkan ẹ̀ á fi lọ, omi ṣíbí 3 tó fún un.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi ṣíbí fa ìlà gba àárín páànù. Tí ìlà yẹn bá dúró, tí omi kankan ò ṣàn wá bò ó, ó ti tó. Tó bá padà dí, kó ṣì wà lórí iná.

2. Ẹ jí yíìsì

Omi tẹ́ ẹ wọ̀n yẹn gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi tẹ́ ẹ fi ń wẹ ọmọ jòjòló, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kán an sí ọrùn ọwọ́ yín níbi tẹ́ ẹ ti máa ń tọ́ mílìkì ọmọ wò, tí kò bá gbóná lára yín tí kò sì tutù, ó dáa. Lọ́sàn-án gangan l'Ékòó, omi tó ń bọ̀ látinú táńkì orí òrùlé ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ fúnra ẹ̀, ẹ ò tiẹ̀ nílò iná rárá. Ẹ da ṣúgà àti yíìsì sí i, kí ọmọ rò ó, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó tì í kí wọ́n máa wò ó. Ẹ sọ fún wọn pé ohun abẹ̀mí ni yíìsì, pé ó ń jẹ ṣúgà yẹn, pé atẹ́gùn tó ń tú jáde ló máa mú kí dóò wú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé ṣé ó ti ń sùn látọjọ́ yìí nínú ọ̀rá ẹ̀ ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń sùn, omi ló jí i. Látọjọ́ náà tó bá ti dé ilé wa ohun tó kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé ṣé yíìsì ti jí.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: omi kẹ́tùrù. Wọ́n á gbọ́ pé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á se omi, wọ́n á ní ó ti tutù díẹ̀. Tí omi bá ti gbóná tó 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, yíìsì ti kú, ẹ ò sì ní mọ̀ títí wákàtí kan á fi kọjá tí dóò ṣì jókòó bí òkúta. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ṣàṣìṣe, ẹ jẹ́ kó tutù jù, ìyẹn á kàn pẹ́ díẹ̀ ni. Iyọ̀ ní tiẹ̀, inú fúláwà ni kẹ́ ẹ da á sí, ẹ má dà á mọ́ yíìsì nínú omi.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ìfófòó gbọ́dọ̀ ti bo ojú omi, kó máa rùn bí búrẹ́dì Agége tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Tí ojú omi bá dákẹ́, ẹ da á nù kẹ́ ẹ mú yíìsì míì, ó sàn kí yíìsì ṣíbí méjì nù ju kí fúláwà gbogbo nù lọ. Yíìsì tẹ́ ẹ ti já tẹ́ ẹ wá fi sílẹ̀ lórí pẹpẹ máa ń gba ọ̀rinrin nílùú wa yìí, agolo tó dé pinpin nínú fíríìjì ni kó máa gbé.

3. Pípò

Ẹ da fúláwà àti iyọ̀ sínú bàsíà, ẹ rò ó pọ̀, ẹ gbẹ́ ihò sáàárín ẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ da gbẹ̀gìrì sáàárín àmàlà, kẹ́ ẹ wá da omi yíìsì àti òróró síbẹ̀. Ẹ má da omi yẹn tán o. Ẹ fi bíi ṣíbí 3 sílẹ̀, torí fúláwà kan ń mu omi ju òmíràn lọ, tẹ́ ẹ bá rí i pé ìyẹ̀fun gbígbẹ ṣì kù nídìí bàsíà lẹ tó máa kán èyí tó kù sí i.

Báwo ló ṣe yẹ kó le tó? Gbogbo wa l'Ékòó ló mọ púfùpúfù, gbogbo wa ló sì mọ ṣinṣín. Ó gbọ́dọ̀ le ju púfùpúfù lọ, kó rọ̀ ju ṣinṣín lọ. Tó bá ń kán látọwọ́ yín, ó ti di púfùpúfù. Tó bá ń ta kò yín nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó ti di ṣinṣín, ẹ kán omi sí i.

Ẹ wá bù ú fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí kálukú ní tiẹ̀. Ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ tì í síwájú, ẹ ká a padà wá sọ́dọ̀ yín, ẹ yí i, ẹ tún tì í, ìṣẹ́jú 10. Ó máa ń rẹ àwọn ọmọ ní bí ìṣẹ́jú 4, ìgbà yẹn lẹ máa gbà á, kí wọ́n fi ẹnu ka ìṣẹ́jú tó kù fún yín. Ẹ jọ orin kọ, ó yá jù bẹ́ẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà, èyí gan-an ló sì ń sọ ọ́ di páálí: ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́, dóò máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ọmọ á ké pé "ó lẹ̀ mọ́ mi o", ẹ̀yin náà á sáré bu fúláwà sí i, á tún lẹ̀, ẹ tún bù ú, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ife kan ti wọlé. Ẹ má bù ú. Ẹ fi òróró ra ọwọ́ ọmọ kẹ́ ẹ máa bá a lọ, bó bá ṣe ń pẹ́ lórí pípò ni lílẹ̀ ẹ̀ á máa dín kù.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gé díẹ̀, ẹ rọra fà á láti ọ̀tún àti òsì. Tó bá fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá kó tó já, ó ti ṣe. Tó bá kàn já wìì, ẹ fi ìṣẹ́jú 3 kún un.

4. Ẹ jẹ́ kó wú, kẹ́ ẹ tọ́jú ohun orí ẹ̀

Ẹ fi òróró ra bàsíà, ẹ kó dóò síbẹ̀, ẹ fi aṣọ tẹ́ ẹ rẹ sómi tẹ́ ẹ fún gbẹ bò ó. Nínú ooru tiwa, ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí 1 ti tó. Ẹ ò nílò òòrùn, ẹ ò nílò iná, kódà kí wọ́n mú iná lọ kò kàn án. Tí òjò bá ń rọ̀ tàbí tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Ìgbà yìí lẹ máa gbógun ti omi orí ẹ̀. Mozzarella tó wà nínú fíríísà, ẹ ti gbọ́dọ̀ gbé e síta kó yọ́, kẹ́ ẹ wá rin ín, kẹ́ ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e kẹ́ ẹ fún un bí ẹni ń fún gaàrí. Ẹ máa rí omi tó máa jáde. Sàdíìnì, ẹ da òróró ẹ̀ nù kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sórí bébà. Àgbàdo agolo, ẹ sẹ́ ẹ. Ata gíríìnì àti àlùbọ́sà, ẹ gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí tó nípọn máa sun omi sórí písà. Adìyẹ tàbí ẹran tútù ò gbọ́dọ̀ dé orí písà láéláé, ìṣẹ́jú mélòó kan tó máa lò lórí iná ò lè sè é, ẹ bọ̀ ọ́ tàbí kẹ́ ẹ dín in tẹ́lẹ̀. Kí àwọn ọmọ kó ohun kọ̀ọ̀kan sínú àwo tiẹ̀, kí wọ́n tò ó sórí tábìlì bí ìsọ̀ ọjà kékeré, wọ́n á máa ta á fún ara wọn nígbà tó bá yá.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: dóò gbọ́dọ̀ ti tó ìlọ́po méjì. Ẹ ki ìka tẹ́ ẹ fi kan fúláwà bọ̀ ọ́: tí ihò náà bá rọra ń padà, ó ti tó, tó bá yára ta padà, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 15 sí i, tí gbogbo ẹ̀ bá wó lulẹ̀ fùù, ó ti pẹ́ jù, ẹ pò ó díẹ̀ kẹ́ ẹ jẹ́ kó sinmi ìṣẹ́jú 15, kò tíì bàjẹ́.

5. Pínpín àti títẹ́

Ẹ pín in sí 4 tàbí 6, ẹ ká a róbótó, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹ. Ìṣẹ́jú 10 yìí làwọn èèyàn máa ń fò. Tẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀, á máa fà padà bíi rọ́bà, ọmọ á máa bínú, ẹ̀yin á máa tẹ̀ ẹ́ tipátipá, á lu ihò.

Ẹ wọ́n fúláwà díẹ̀ sórí tábìlì, kí ọmọ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó tó fi ìgò yí i láti àárín lọ sétí. Kó fẹ̀ bí àwo tíì fáwọn kékeré, kó sì fẹ́lẹ́ tó bíi ìdajì sẹ̀ǹtímítà, àárín ẹ̀ kó fẹ́lẹ́ díẹ̀ ju etí lọ. Kò pọn dandan kó rí róbótó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá ọmọ tún tiẹ̀ ṣe, ohun tó ń mú kó jẹ ẹ́ tán ni pé òun ló tẹ́ ẹ.

6. Orí iná

Páànù ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n, torí gáàsì wà nílé gbogbo wa, ófìn ò sí nílé gbogbo wa, àwọn ófìn gáàsì tiwa míì sì wà tó jẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan niná ti ń jó, ìdí á ti gbóná kí òkè tó mọ̀ pé nǹkan ń lọ.

Ẹ gbé páànù gbígbẹ kaná tó mọ níwọ̀n, ìṣẹ́jú 2. Ẹ tẹ́ dóò sí i láì fi òróró sí i. Nígbà tí òkè ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ róró bí ara tí omi gbígbóná ta sí, tí ìdí ẹ̀ sì ti ní àmì pupa-dúdú díẹ̀díẹ̀, bí ìṣẹ́jú 2 sí 3, ẹ yí i padà, ẹ sì pa iná tàbí kẹ́ ẹ gbé páànù kúrò lórí ẹ̀. Èyí ló gba písà là: ojú tó ti jinná ló máa wà lókè báyìí, ata ò lè wọ inú ẹ̀ mọ́.

Ẹ yọ ọ́ sórí àwo, kí ọmọ wá ṣe tiẹ̀ lórí tábìlì níbi tó jìnnà síná: ata ṣíbí ìjẹun 2, kó tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ kó má dé etí, ṣíìsì, lẹ́yìn náà ohun orí ẹ̀, kó tún wọ́n ṣíìsì díẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ohun mẹ́ta lórí písà kan ti tó. Ọmọ á fẹ́ kó gbogbo ọjà sórí ẹ̀, á sì wúwo, á sì rin. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa fún kálukú ní ife kékeré kan, ohun tó bá gbà nínú ife yẹn ni tiẹ̀, ìjà parí.

Ẹ dá a padà sínú páànù, ẹ gbé e kaná tó kéré jù lọ, ẹ dé e. Ìṣẹ́jú 4 sí 6. Ní àárín ìgbà yẹn, ẹ ṣí ọmọrí lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé e kúrò lórí páànù gbooro láì yí i dojú dé, ẹ fi aṣọ nu omi inú ẹ̀ kẹ́ ẹ tún dé e. Tẹ́ ẹ bá fò ó, gbogbo omi yẹn á kán sórí ṣíìsì, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ń ṣe bọ̀ láti ọ̀sán á di asán níbi ìṣẹ́jú méjì tó kù.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: iná ńlá. Wọ́n ń kánjú torí ọmọ mẹ́ta ń dúró. Iná ńlá máa jó ìdí kí ṣíìsì tó yọ́. Tí ìdí bá ti fẹ́ jó tí ṣíìsì ò tíì yọ́, ẹ pa iná kẹ́ ẹ fi ọmọrí sílẹ̀ lórí ẹ̀ ìṣẹ́jú 3, ooru inú ẹ̀ á parí ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ní ófìn tó gbóná dáadáa, ẹ fi sí 230 sí 250 lórí òṣùwọ̀n Celsius kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbóná ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán, pẹ̀lú tíréè nínú ẹ̀, kí dóò lè bá tíréè gbígbóná pàdé. Ẹ ò ní yí ti ófìn padà, ẹ máa to ohun orí ẹ̀ sórí dóò tútù, ìṣẹ́jú 10 sí 14 ti tó. Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan niná ẹ̀ ti ń jó, ẹ gbé e sí àárín, ẹ sì máa yẹ ìdí ẹ̀ wò láti ìṣẹ́jú kẹjọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi ṣíbí pẹlẹbẹ gbé etí kan sókè. Písà tó jinná á dúró gbọnrangandan, àárín ẹ̀ lè tẹ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní wọ́ lulẹ̀. Ìdí ẹ̀ á ní àmì pupa káàkiri. Tẹ́ ẹ bá fi ìka lù ú nídìí, á dún kókó.

7. Gígé, àti èyí tó kù

Ẹ fi sílẹ̀ ìṣẹ́jú 3 kẹ́ ẹ tó gé e, ṣíìsì gbígbóná máa ń lẹ̀ mọ́ ètè ọmọ, ó sì máa ń jó wọn ju ọbẹ̀ lọ. Ẹ má tò ó lé ara wọn nígbà tó ṣì gbóná, oru ti ìsàlẹ̀ á rin ti òkè, kálukú sórí àwo tiẹ̀.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, páànù gbígbẹ lórí iná kékeré lẹ máa fi gbé e gbóná, ìṣẹ́jú 4, ẹ má dé e fún méjì àkọ́kọ́. Maikirowéèfù máa sọ ọ́ di fọ́ọ̀mù tó rin. Dóò tẹ́ ẹ ò lò, ẹ fi òróró ra á, ẹ fi ọ̀rá wé e, á wà nínú fíríìjì di ọjọ́ kejì, adùn ẹ̀ tiẹ̀ máa ń pọ̀ sí i. Ẹ gbé e síta ìṣẹ́jú 30 kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹ. Tó bá di ọjọ́ kẹta tó ti ń kan díẹ̀, ẹ gé e kéékèèké kẹ́ ẹ dín in nínú òróró, ẹ wọ́n ṣúgà sí i, kí àwọn ọmọ fi mu tíì láàárọ̀.